Lórí òkè Ba: ìrìn-àjò mi sí abúlé Navala ní Fiji

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje 2025. Nadi sí Ba

Àwòrán Fiji tí gbogbo wa mọ̀ kò kọjá òkun, iyanrìn funfun àti òyìnbó tó na ara sílẹ̀ nínú oòrùn. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ etí erékùṣù ni wọ́n ń yà, wọn kì í ya inú. Viti Levu ló tóbi jù nínú erékùṣù tó lé ní 300 tí orílẹ̀-èdè náà ní, òkè lórí òkè ló sì wà láàárín rẹ̀. Tomanivi tó ga jù níbẹ̀ tó 1,324 mítà. Inú òkè yẹn ni mo dorí kọ. Navala lorúkọ abúlé náà, àwọn ará Fiji fúnra wọn á sì sọ fún yín pé ẹ ò ní rí abúlé mìíràn tí ilé koríko ṣì pọ̀ tó báyẹn. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n ń tà, àti ohun tó ń mú ọ̀dọ́ dúró síbẹ̀ tàbí tó ń lé e jáde.

Bọ́ọ̀sì ló gbé mi láti ìlú Nadi lọ sí ìlú Ba, ó gba Lautoka kọjá. Fèrèsé bọ́ọ̀sì wọn ò ní gíláàsì, tapólì ni wọ́n ká sókè, òjò bá dé, kóówá á fa tiẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ o: nígbà tí mo lọ, awakọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ èrò. Káàdì ni wọ́n ń lò, ẹ ra á, kí ẹ sì kówó sí i kí ẹ tó wọkọ̀. Lójú mi ni wọ́n fẹ́ sọ arìnrìn-àjò kan kalẹ̀ nítorí pé owó bébà nìkan ló wà lápò rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló na káàdì tirẹ̀ síwájú, ó san án fún un, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Àsìkò ìkórè ìrèké ni. Lọ́rì tó ru ìrèké tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dé ilé iṣẹ́ ṣúgà Rarawai ní Ba, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìrèké ní 1886. Eérú oko tí wọ́n jó ń já bọ́ sórí aṣọ tí àwọn èèyàn sá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá oko wọ̀nyí jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ará Íńdíà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àdéhùn iṣẹ́ kó wá láàárín 1879 sí 1916. Àwọn tó dé nígbà náà lé ní 60,000. Ilẹ̀ tí wọ́n yá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ro títí dòní, nítorí pé nǹkan bí 87 nínú ìdá 100 ilẹ̀ Fiji jẹ́ ti ìdílé àwọn onílẹ̀, kò sì ṣeé tà.

Ní ọjà Ba mo ra yaqona. Gbòǹgbò kan ni tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu. Kì í pa èèyàn bí ọtí, ẹnu ló máa ń kú, ara á wá rọ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ má gbèrò àtiwọ abúlé kankan láìgbé e dání. Ìyá tó tà á fún mi kọ́kọ́ bi mí pé ibo ni mo ń gbé e lọ. Mo ní Navala. Kíá ló ti èyí tí wọ́n ti lọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní odindi gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé fún baálẹ̀. Ìdajì kílò, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó fi okùn pupa dì í. Dọ́là Fiji 50 ló gbà. Dọ́là wọn kan lé ní ₦600 nígbà náà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ kí n má baà dá ìbànújẹ́ yìí jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje. Ba sí Navala

Ẹ̀gbẹ́ ọjà ni bọ́ọ̀sì òkè máa ń dúró sí. Ẹ bi àwọn tó ń najà nípa àkókò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbikíbi. Àpò ìyẹ̀fun, búrẹ́dì, kerosíìnì àti ìṣó ilé kún inú ọkọ̀ débi pé ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀.

Ọ̀nà náà kò tó 30 kìlómítà, àmọ́ ó gbà wá ju wákàtí méjì lọ. Ọ̀dà tán, òkúta wẹ́wẹ́ àti eruku bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ ń fi jíà kìíní pọ́nkè. Níbi tí òkè ti le jù ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Mo ń dúró de èébú tí àwọn èrò máa dà lé awakọ̀ lórí, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin méjì yí òkúta sẹ́yìn táyà, ẹlòmíràn bá a gbé jáàkì, àwọn obìnrin jókòó sórí koríko, wọ́n tú ẹrù. Ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ ló jáde, wọ́n sì ti fi èyí tó tóbi jù sí mi lọ́wọ́ kí n tó ráyè kọ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ òwúrọ̀, oúnjẹ ọ̀sán àti oúnjẹ alẹ́ lókè yìí, bíbọ̀ sì ni. Kò sí gàárì, kò sí láfún, kò sí fùfú. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń rin ín, bí a ṣe ń fún omi rẹ̀, bí a ṣe ń sẹ́ ẹ, bí a ṣe ń yan án. Obìnrin kan tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi parí, ó wá béèrè pé kí ló dé tí a fi ń dá ara wa lóró tó báyẹn.

Láti orí òkè tó kẹ́yìn ni Navala ti hàn nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò Ba. Òrùlé koríko tò lọ ní ìlà-ìlà, pápá tútù wà láàárín wọn, ẹṣin mélòó kan ń jẹko. Ilé ìwé àti ilé ìjọsìn Kátólíìkì nìkan ló dà bí ilé tiwa.

Kí n tó wọlé, mo ti ṣí fìlà, mo ti bọ́ awò ojú, mo sọ báàgì kalẹ̀ láti èjìká sí ọwọ́, mo ró aṣọ tí wọ́n ń pè ní sulu mọ́dìí. Ìdọ̀bálẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu gidi, àmọ́ ìjókòó ni ọ̀wọ̀ tiwọn: ẹni tó bá dúró lórí àgbà tó jókòó ló hùwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ara lórí ẹní, ọkùnrin kan bá mi gbé yaqona síwájú baálẹ̀, ó sọ̀rọ̀ gígùn tí n ò gbọ́, baálẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó fèsì. Èyí ni sevusevu. Wọ́n pò ó nínú ọpọ́n onígi, wọ́n bù ú fún mi nínú igbá èèpo àgbọn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbà á, ẹ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fà á mu díẹ̀díẹ̀, ó korò, ó sì ní erùpẹ̀ nídìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo san owó àlejò tí abúlé ń gbà. Ìdílé tó gbà mí sílé gba dọ́là 80 fún alẹ́ kan, oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání. Oṣù Keje ni òtútù wọn, mo sì gbọ̀n lálẹ́ yẹn dé eegun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje

Inú ilé wọn, ìyẹn bure, kò ní ògiri ìpín. Yàrá ńlá kan ni, ẹní lórí ẹní lórí koríko gbígbẹ, àwọn àgbà ń sùn lápá ibi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ilé ìdáná dá dúró lọ́tọ̀ nítorí iná. Pátákó sólà kékeré kan wà lórí òpó níta, òun ló ń tan gílóòbù kan, tó sì ń fún fóònù ní iná. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, bí ẹ bá gun òkè lẹ́yìn ilé ìwé tí ẹ sì na ọwọ́ sókè.

Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá onílé mi ń tún òrùlé bò, mo lọ bá wọn. Òkúta ni ìpìlẹ̀, ó ga dé orúnkún. Òpó igi líle ló gbé e dúró. Ọparun ni ògiri: wọ́n là á, wọ́n lù ú títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n wá hun ún, ọ̀kan kọjá lókè, ọ̀kan kọjá nísàlẹ̀, títí àwòrán fi yọ lára rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ń sọ ìdì koríko sókè, ẹni tó fẹsẹ̀ há òrùlé ń hán an. Ẹlòmíràn wà nínú ilé nísàlẹ̀, a ò rí i. Ti òkè á gún igi tó ní okùn wọlé, ti inú á yí i ká ọ̀pá àjà, á gún un padà síta, ti òkè á fà á ṣinṣin. Wọ́n ń pe ara wọn ní gbogbo ìgbà láti mọ ibi tí igi ń gbà yọ. Mo dúró wò wọ́n fún wákàtí méjì, wọn ò tíì bo ju ibi tí ẹní méjì máa gbà lọ.

Igi, ọparun, koríko, ilẹ̀ wọn ló ti wá, wọn ò rà á. Oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ àti yaqona alẹ́ nìkan ni ìnáwó. Èèyàn ni kò tó. Bàbá tó wà nídìí iṣẹ́ ní nígbà òun, gbogbo ọkùnrin abúlé ló máa ń jáde, ilé kan á dìde kí ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó kọjá. Lọ́jọ́ yìí, èèyàn méje ni mo kà, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé.

Ìjì Winston ló fọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú, ní 20 Oṣù Kejì 2016. Èèyàn 44 ló bá a lọ ní Fiji, ọ̀pọ̀ bure ní Navala sì wó. Àwọn kan tún bure kọ́, àwọn mìíràn gba pákó àti páànù, n ò sì dá wọn lẹ́bi. Ilé páànù ò béèrè ju ọkùnrin méjì àti òòlù lọ. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ló máa ń ru koríko wá bo ààfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ. Páànù dé, koríko ò níṣẹ́ mọ́. Ìyàtọ̀ ni pé ní Navala, koríko ló ń fa àlejò wá, àlejò ló sì ń mú owó wá. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹni tó ń bo òrùlé máa gba ìpín nínú owó ẹnu ọ̀nà. Mo bi baálẹ̀ léèrè, ó ní ilé ìwé, ilé ìjọsìn àti iṣẹ́ abúlé ni wọ́n ń ná an sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ẹni tó ń ran arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ta ló tún máa ràn án lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Lálẹ́, ìyá ilé se ewé kókò nínú omi àgbọn, ó fi edé odò sí i, kókò bíbọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá jẹ ẹ́ á gbàgbé ọ̀nà ilé. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ jẹ́ kí ewé náà jinná dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀fun yín á máa yún yín títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Keje

Wọ́n lu lali, igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, abúlé tú síta pẹ̀lú aṣọ funfun. N kì í ṣe ọmọ Kátólíìkì, àmọ́ orin wọn mú mi: kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ohùn mẹ́rin ló ń gbé ara wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ́ lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ inú kòtò ni wọ́n ṣe, wọ́n fi òkúta gbígbóná sìn ín mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé. Mo jẹ ẹ́, mo sùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá àgbà kan sọ ìtàn Nabutautau fún mi, abúlé kan tó wà nínú òkè láàárín erékùṣù náà. Ní 1867, wọ́n pa òyìnbó oníwàásù kan níbẹ̀, Thomas Baker, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Suva, olú-ìlú wọn. Láti ìgbà yẹn, bí ọ̀nà ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ọmọ wọn ò bá rí ilé ìwé lọ, wọ́n á ní ègún Baker ni. Ní 2003, wọ́n pe àwọn ìbátan rẹ̀ láti Ọsirélíà, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Mo ní kì í ṣe ègún ló ń dí ọ̀nà lọ́wọ́, ìjọba ni, torí ìbò ò pọ̀ nínú òkè. Bàbá ní kí n lọ bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ ní Nabutautau, kí n sì gbé yaqona tó pọ̀ dání.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sọ pé ó yẹ kó jẹ́, àmọ́ òjò rọ̀ mọ́jú. Odò Ba kún bo afárá tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ kankan ò lè wọlé, èmi tí mo fẹ́ lọ láàárọ̀ yẹn sì jókòó. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ sílé ìwé láti òdìkejì odò dúró ní bèbè kejì, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì padà sílé tayọ̀tayọ̀. Inú olùkọ́ ò dùn. Ó ní odò yìí lè yọ ọjọ́ púpọ̀ kúrò nínú ọdún ọmọ nígbà òjò, tí wọ́n bá sì parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ nílùú ni ti girama wà. Ọmọ tó bá lọ gbé nílùú láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ta ló máa kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń hun ọparun?

Ẹ má wọ omi odò lẹ́sẹ̀ lásán lẹ́yìn òjò. Àrùn kan wà tí ìtọ̀ eku àti ẹran ọ̀sìn ń kó sínú omi àti ẹrẹ̀, ó ń pa èèyàn ní Fiji. Ìròyìn rere ni pé kò sí ibà ẹ̀fọn tiwa yìí lórílẹ̀-èdè wọn rárá. Ẹ̀fọn wọn ń gbé ibà mìíràn tí wọ́n ń pè ní dengue kiri, nítorí náà ẹ fi ìpara para.

Mo fi ọjọ́ tó bàjẹ́ yìí bá ọmọkùnrin onílé mi lọ sóko. Ó ń pè mí ní Momo, ìyẹn arákùnrin ìyá rẹ̀. Oko yaqona rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Igi náà ò ga púpọ̀, ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, ó sì ń lò tó ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, kó tó ṣeé wú. Owó rẹ̀ lọ sókè lẹ́yìn tí Winston ba oko jẹ́, ó sì tún ní ọjà mìíràn nígbà tí Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á wọlé fún títà ní Oṣù Kejìlá 2021. Ìyẹn ló mú kó dúró. Olè ló ń bà á lẹ́rù jù: ẹni tó bá wú oko ọlọ́dún mẹ́rin lóru kan ti kó owó ilé lọ.

Ilẹ̀ wà fún un bó bá ṣe fẹ́, ti ìdílé ni. Kò lè tà á, àmọ́ kò tún lè fi í dúró ní báńkì gba owó. Mo rò ó pé ìdí tí ilẹ̀ fi wà lọ́wọ́ wọn títí dòní náà nìyẹn. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Ọsirélíà, ó ń ká èso lóko olóko. Láti Oṣù Kẹrin 2025, owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Fiji jẹ́ dọ́là 5 ní wákàtí kan. Ní Ọsirélíà, ó lé ní dọ́là 24 nígbà náà, dọ́là tiwọn sì ju ti Fiji lọ. Èèyàn ò nílò ègún kankan kó tó jáde kúrò nínú òkè yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje. Navala sí Ba

Omi fà. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ kò wá, a jọ háyà káríà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ní bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Dọ́là 60 ni awakọ̀ kọ́kọ́ pè, ìyá ilé bá a jà á sí 45, gbogbo wa dá a. Àpò yaqona mẹ́rin, àpò kókò méjì, èmi, ọmọkùnrin náà, àti ìyá àgbà kan tó ń lọ síléewòsàn, tí wọ́n fún ní iwájú. Wọ́n fi ẹní kékeré kan ta mí lọ́rẹ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì mi àti súwẹ́tà sílẹ̀ fún wọn.

Ní ọjà Ba, ìyá tó ta yaqona fún mi lọ́jọ́ sí ni ọmọkùnrin náà kó àpò tirẹ̀ fún. Ó tú u, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ṣẹ́ gbòǹgbò kan wò bóyá ó gbẹ, ó wá pe iye kan tí kò tó méjì nínú ìdá mẹ́ta iye tí òun gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fà á lọ fà á bọ̀. Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá òun náà á lọ Ọsirélíà. Ó ní bí orúkọ òun bá jáde fún iṣẹ́ oko níbẹ̀, òun á lọ fún oṣù mélòó kan, òun á wá fi owó rẹ̀ kọ́ ilé. Páànù ni àbí koríko?

"Momo," ó ní, "koríko níwájú fún àwọn àlejò, páànù lẹ́yìn fún ìyàwó mi."

Ó padà sídìí òṣùwọ̀n, torí ìyá yẹn ti ń fi ẹsẹ̀ ti àpò kejì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò.